Kì í ṣe orí ọmọ náà ni kò gba ìwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ sọ pé ọmọbìnrin àbúrò yín tí ó wà ní ìwé karùn-ún ní abúlé, ọmọ ọdún 12, ti ń pa ilé ìwé jẹ, pé bàbá rẹ̀ ní orí rẹ̀ kò gba ìwé mọ́, àti pé wọ́n fẹ́ mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ kí ó tó jáde ìwé mẹ́fà. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ fi owó ránṣẹ́. Ọdún 27 ni mo fi ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn, mo sì ti pàdánù irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níṣojú ara mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó wà nínú ọgbà ilé ìwé náà.

Ní ọdún 2006, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní oko kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa olùkọ́ mẹ́rin. Kò sí kànga níbẹ̀, ṣáláńgá kan ṣoṣo tí ó wà, àwa olùkọ́ ni a fi àgádágodo tì í fún ara wa. Igbó ẹ̀yìn ilé ìwé ni àwọn ọmọ ń lọ. Ọmọkùnrin lè yà sí ẹ̀yìn igi kan, kí ó sì ti padà dé kí olùkọ́ tó nu ojú pátákó tán, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó ti ń bàlágà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń rí wọn tí wọn kì í fẹnu kan omi láti òwúrọ̀ títí a ó fi jáde lọ́sàn-án, èmi sì rò pé òùngbẹ kò gbẹ wọ́n ni.

Ọmọ kan wà ní ìwé karùn-ún nígbà náà tí ó jẹ́ pé bí mo bá kọ ìṣirò sójú pátákó, kí n tó jókòó, ó ti ṣe é tán. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 13, nítorí pé ó pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílé ìwé, bí ó ti máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ọmọ oko. Nígbà tí ó di sáà kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ, yóò tún wá, ohun tí a ti kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní yé e. Mo fi í kúnlẹ̀. Mo nà án. Ní ọjọ́ kan, a lu agogo ìparí, gbogbo ọmọ jáde, òun kò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó dìde. Ó dìde, ó sì yára so súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ ìdí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ti rí ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Kò padà wá mọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti mú un lọ bá ìbátan kan gbé ọmọ ní ìgboro.

Ìgbà náà ni mo gbé rẹ́jísítà lé ẹsẹ̀, tí mo fi ìka tọ ìlà orúkọ rẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí kò wá kò fọ́n káàkiri. Wọ́n ṣù jọ sójú kan lóṣooṣù. Mo wo ìlà àwọn ọmọbìnrin yòókù tí wọ́n ti dàgbà, bákan náà ni. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo ti rí nǹkan oṣù láti kékeré, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi sàmì sí ìwé yẹn ní àràárọ̀, n kò sì kà á.

Lóòótọ́, òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, àti pé dandan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Bàbá rẹ̀ kò san kọ́bọ̀, síbẹ̀ ìwé kẹrin ló mọ, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin ni àwọn olùkọ́ ń rán lọ pọnmi lódò, kí wọ́n sì tó dé, iṣẹ́ ìṣirò ti kọjá lọ. Ní oko tí mo sọ yìí, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ó lé, àwọn ọmọbìnrin náà ṣì ni a ń rán lódò.

A kò dúró de ìjọba, torí pé kí ìpínlẹ̀ tó rí owó gbà lọ́wọ́ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ìpín tirẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì lè pẹ́. Àwọn bàbá gbẹ́ ṣáláńgá oníhò méjì fún àwọn ọmọbìnrin, ó jìnnà sí ti àwọn ọmọkùnrin, a fi ìdè sí ìlẹ̀kùn rẹ̀ nínú. A gbé dúrọ́ọ̀mù omi síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n ń gbà á pọn. Mo ń tọ́jú aṣọ mímọ́, ọṣẹ àti páàdì sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo sì sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n kàn sọ pé àwọn fẹ́ gba ṣọ́ọ̀kì, yóò yé mi. Ọjọ́ ọjà ṣì ń kó wọn lọ lọ́rọọrún, ìyẹn kò tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ tí ó ń ṣù jọ lóṣooṣù dín kù nínú rẹ́jísítà.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí fóònù. Ẹ bẹ obìnrin kan tí ọmọ náà fọkàn tán pé kí ó bá a sọ̀rọ̀ ní àwọn méjèèjì nìkan, kí bàbá má sí níbẹ̀. Kí ẹ̀yin náà lọ sí ilé ìwé ní àkókò ìsinmi ráńpẹ́, kí ẹ béèrè fún rẹ́jísítà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, kí ẹ wo ìlà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ rìn dé ṣáláńgá, kí ẹ wò ó bóyá ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì láti inú.