Àbíkú sọ olóògùn dèké: ṣé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni àbíkú?

Ẹnìkan béèrè ohun tí òwe yìí ń sọ, ó sì tún béèrè bóyá òótọ́ ni pé fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell, ni àwọn bàbá wa ń pè ní àbíkú.

Olóògùn inú òwe yẹn kì í ṣe ayédèrú. Ó mọ ewé, ó mọ egbò, ó ti wo ọmọ ẹlòmíràn sàn. Ọmọ yìí ló gba gbogbo oògùn tó tún kú, tí àwọn ará àdúgbò wá ń wo olóògùn bí òpùrọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ tí iṣẹ́ wá dójú tì ni a ń pa òwe náà fún. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ìbéèrè kejì ló lọ́rọ̀ nínú. Lójú tèmi, apá kan rẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìyá ń rí. Ó bí ọmọ, ọmọ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́fà, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, igbe ni. Ibà kan báyìí, ó ti lọ. Àbúrò rẹ̀ yè, èyí tó tẹ̀ lé e tún lọ bákan náà. Ta ni kò ní sọ pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀? Ni wọ́n ṣe ń so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi àkàrà, ẹ̀wà àti ìrèké bẹ ẹgbẹ́ ọ̀run rẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi ọ̀bẹ sàmì sí òkú ọmọ kí wọ́n lè dá a mọ̀ tó bá padà. Wọ́n á sì sọ èyí tó bá dé ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kásìmáawò. Kòsọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a óò fi gbẹ́lẹ̀ sin ọ́, jókòó jẹ́ẹ́! Orúkọ yìí náà dé orí oyè ọba l'Ékòó ní 1845.

Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní California fi iná mànàmáná dán hemoglobin wò, èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ti ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò rìn bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ọdún kan náà ni James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àrùn náà. Láàárín 1956 sí 1957, ní Cambridge, Vernon Ingram rí i pé ẹyọ amino acid kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn èròjà kéékèèké tó para pọ̀ di hemoglobin, ló yí padà. Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, ìyẹn àwọn tó gbé àbùdá àrùn náà tí kò sì ṣe wọ́n, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń yè tí èkejì ń lọ. Ti oṣù mẹ́fà yẹn náà ń bẹ: hemoglobin tí ọmọ gbé ti inú oyún wá ló ń dáàbò bò ó kó tó di pé tuntun gba ipò rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn tó ń sọ pé "àbíkú, SS ni, ó parí" ń yára jù. Tọkọtaya AA, tí kò gbé àbùdá àrùn náà rárá, náà ń sin ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin nígbà yẹn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, David Morley, dókítà ará Britain ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Íléṣà, dá kíláníìkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Èèyi tí àwọn dókítà ń pè ní measles, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunre ló ń pa ọmọ níbẹ̀. Ó ṣe káàdì kan tí ìyá ń tọ́jú sílé, tí wọ́n ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n ọmọ sí. Bí ìlà bá ti kọ̀ tí kò gòkè mọ́, nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Káàdì yẹn tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní 1963, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi.

Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ́ Málọmọ́ tó fẹ́ gbéyàwó, kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Orúkọ rẹ̀ kò sọ bóyá AA ni àbí AS.