Báwo ni apẹja Ìjẹ̀bú ṣe lè fi ìṣàn òkun àti ìgbóná omi mọ ibi tí ẹja wà?
Ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ni kẹ́ ẹ wá. Lójú òkun Ìjẹ̀bú Waterside, omi sábà máa ń gbóná tó dígírì 27 sí 29, ìṣàn òkun tí wọ́n ń pè ní Guinea sì ń gbé e lọ sí ìlà-oòrùn. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù a máa rú sókè láti ìsàlẹ̀, tòun ti oúnjẹ ẹja. Èyí tó ń rú sókè lójú òkun Gánà lágbára ju ti ibí lọ. Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, pàǹtí àti ìfófòó á tò gbọọrọ, àwọ̀ omi á yí padà, ẹyẹ á máa já lu omi. Ẹ ju àwọ̀n síbẹ̀! Àwòrán sátẹ́láìtì tó ń fi ìgbóná òkun hàn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìkùukùu òjò máa ń bò ó, nítorí náà ojú yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù.