Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ 12 yẹn sínú wíìlì

Ìbéèrè: Mo ń ta pààtì mọ́tò ní Ládípọ̀, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Láti 2019 ni mo ti ń ra Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ wà lọ́dọ̀ exchange, iléeṣẹ́ tí a ti ń rà á tí a sì ń tà á, lórí fóònù mi, èyí tó pọ̀ jù wà nínú ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi fláàṣì. Ìyàwó méjì ni mo ní, ọmọ márùn-ún. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ 12 tí ẹ̀rọ náà fún mi sínú wíìlì, kí kóòtù bá mi tọ́jú rẹ̀. Àbí kí àwọn ọmọ kàn mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ bá iléeṣẹ́ Bitcoin? Bàbá kan, Ẹbúté-Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn ọmọ. Kò sí iléeṣẹ́ Bitcoin. Láti 2009 tó ti bẹ̀rẹ̀, kò ní máníjà, kò ní ẹ̀ka ní Marina, kò sí káńtà tí ọmọ yín máa gbé ìwé ẹ̀rí ikú lé. Èyí tó wà lọ́dọ̀ exchange nìkan ló ní ẹni tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ kóòtù, ó sì lè pẹ́, àmọ́ ọ̀nà wà, bí àwọn ọmọ bá mọ̀ pé àkáǹtì náà wà.

Wíìlì yẹn gan-an ló ká mi lára. Léraléra ni wọ́n ń gbé wíìlì tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ 12 sínú rẹ̀ wá bá mi, tí ẹni tó bá wọn kọ ọ́ sì ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ 12 náà, tàbí 24 nínú ẹ̀rọ mìíràn, kì í ṣe password. Password ṣeé yí padà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló ní owó náà. Kò nílò ẹ̀rọ yín, kò nílò ìbuwọ́lùwé yín. Ó lè jókòó sí Ṣómólú, kó tẹ̀ wọ́n sórí fóònù tirẹ̀, kó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Kò sí bánkì tó máa dá a padà.

Ẹ wá bá mi ka ọwọ́ tí wíìlì ń gbà kọjá. Akọ̀wé lọ́yà tẹ̀ ẹ́, ó sì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó rí àṣìṣe, ó ju bébà náà sínú agbọ̀n. Ẹnìkan mú un lọ ṣe fọ́tókọ́pì. Tí ẹ bá fi í pamọ́ sí ọ́fíìsì probate, tó ń bójú tó wíìlì àti ogún, ní kóòtù gíga Èkó, inú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa ló máa wà nígbà ayé yín, ìyẹn dára. Àmọ́ lẹ́yìn ikú, wọn yóò ṣí i, wọn yóò kà á sétí ẹbí. Tí kóòtù bá sì ti fọwọ́ sí i, ó di ìwé ìta gbangba: ẹni tó bá san owó rẹ̀ lè gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Kí àwọn alábòójútó ogún tó gba àṣẹ, oṣù lè gorí oṣù. Ẹni tó ti fi fóònù ya ojú ìwé yẹn kò ní dúró de àṣẹ kankan.

Ẹ má sì tìtorí èyí dákẹ́. Ìyá kan gbé ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ wá bá mi, ó fi áńkáṣíìfù wé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dán PIN, nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí i, wò: ó tẹ ọdún ìbí bàbá, ó tẹ ọdún ìgbéyàwó, ó tẹ nọ́ńbà mọ́tò. Irú ẹ̀rọ yẹn, àṣìṣe mẹ́ta péré, ó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Ìyẹn nìkan kì bá ṣe nǹkan, nítorí ọ̀rọ̀ 12 náà lè gbé gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ tuntun. Bàbá kò sọ ibi tó kọ ọ́ sí fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òun lè bá wọn yọ ọ́, ó gbowó, ó sá lọ. Ẹni tó bá ní òun lè rí Bitcoin láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, tó sì ń gbowó ṣáájú, olè ni.

Nínú wíìlì, ẹ kọ pé ẹ ní in, ẹ kọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó jogún rẹ̀, kí ẹ sì fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún pín in, kì í ṣe iye náírà, torí iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ ṣe èyí dáadáa nítorí ìyàwó méjì. Láìsí wíìlì, ẹbí lè máa fa ìdí-igi (kí wọ́n pín in ní iye ìyàwó) àti orí-ò-jorí (kí wọ́n pín in ní iye ọmọ) mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀, gbogbo ojú ló ń rí i; èyí, ẹnìkan ṣoṣo ló lè mọ iye tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí ó má sì jẹ́ ìyàwó tàbí ọmọ tí ẹ fún ní nǹkan, kí ìpín rẹ̀ má baà ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ 12 náà, ẹ fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ má fún ìyáálé ní mẹ́fà, kí ẹ fún ìyàwó kékeré ní mẹ́fà: tí ìdajì bá sọnù, gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó kan tí ọkàn yín balẹ̀ sí mọ ibi tó wà.

Àwọn kan ní ìjọba ti fòfin dè é. Lóòótọ́, ní 2021, CBN ní kí bánkì yẹra fún un, àmọ́ wọ́n dẹ̀ ẹ́ ní oṣù Disẹ́ḿbà 2023, òfin ìdókòwò ti 2025 sì ti fi í sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò.

Ìmọ̀ràn gbogbogbòò lèyí o. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ tiyín lọ bá lọ́yà tó máa rí ìwé yín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ṣí wálẹ́ẹ̀tì (áàpù tó ń tọ́jú Bitcoin) tuntun kan tó ní ọ̀rọ̀ 12 tirẹ̀, ẹ fi Bitcoin ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà péré sínú rẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà àti ìtọ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó sílẹ̀, ẹ wá pa wálẹ́ẹ̀tì náà rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ ní kí alábòójútó náà fi ìtọ́ni tí ẹ kọ sílẹ̀ gbé e padà lójú yín. Níbi tó bá ti há, ẹ tún un kọ, kí ó tún gbìyànjú títí yóò fi ṣe é láìbi yín léèrè.