Ẹ Bi Obìnrin Náà Léèrè Kí Ẹ Tó Yọ Ọ́ Kúrò Nínú Iṣẹ́ Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, arákùnrin wa. Ẹ ní obìnrin ẹni ọdún 49 kan tó ń ṣiṣẹ́ òru lábẹ́ yín nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ń làágùn ṣáá, ó ń gbàgbé nǹkan, ó sì ti pa iṣẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Ẹ wá béèrè bóyá kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ òru, tàbí kí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ sí àwọn dókítà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ohun tó jọ pé ó ń ṣe obìnrin yẹn sì ti ṣe mí rí: ìyípadà ara tó ń bá obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ń lọ sí òpin, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní menopause.

Ẹni ọdún 48 ni mí nígbà tí nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó lè má wá fún oṣù mẹ́ta, kí ó sì ya dé lóru ọjọ́ kan bí ìgbà tí wọ́n da omi sílẹ̀. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni mo wà, wákàtí méjìlá ààbọ̀ ni iṣẹ́ òru wa, nọ́ọ̀sì méjì ló sì ń tọ́jú aláìsàn 24. Lóru ọjọ́ kan ẹ̀jẹ̀ ya lára mi nígbà tí ẹnìkejì mi ti lọ sinmi, n kò sì gbọdọ̀ fi àwọn aláìsàn sílẹ̀. Mo so súwẹ́tà mọ́ ìdí, mo sì ń pín oògùn bẹ́ẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ooru kan a gbéra láti àyà mi, a gun ọrùn, a bo ojú, aṣọ iṣẹ́ a sì lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn lábẹ́ épírọ́ọ̀nù ọ̀rá, nínú wọ́ọ̀dù tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Bí ooru bá ti lọ, òtútù á dé. Bí mo bá délé láàárọ̀, oorun kò ní wá. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ìgbàgbé: mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, orúkọ oògùn tí mo ti ń fún ènìyàn láti ogún ọdún kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka oògùn ìrora náà kí n tó gbà pé iye rẹ̀ pé. N kò ṣi oògùn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ara mi, mo sunkún, nítorí mo rò pé àrùn ìgbàgbé tí mo ń rí lára àwọn arúgbó ti dé bá èmi náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà àdúgbò mi fún mi. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó kọ oògùn rẹ̀ fún mi, kò sì bi mí nípa nǹkan oṣù rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú aláìsàn kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yẹ kí gbogbo dókítà mọ̀, ti wà nílẹ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ó ní obìnrin tó ti lé ní ọdún 45, tí irú ooru yìí ń mú, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti yí padà, kò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é, àti pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa fi wo ooru nìkan. Níbi iṣẹ́, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ka ọjọ́ tí n kò wá, wọ́n pè mí sí ìpàdé, wọ́n sì ka ìwé sí mi létí bí ẹni ń ka ẹ̀sùn fún ọ̀daràn. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó ti mọ̀ mí fún ọdún mẹ́sàn-án jókòó níbẹ̀, kò la ẹnu. Inú ṣì ń bí mi títí di òní. N kò lè sọ ohun tó ń ṣe mí níwájú ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí, nígbà tí ìyá tó bí mi pàápàá kò bá mi sọ ọ́ rí.

Nítorí náà, ẹ má kọ ìwé kankan kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ó ń rẹ̀ yín, kí ni mo lè ṣe?” Ẹ má ṣe dárúkọ nǹkan oṣù fún un bí òun kò bá kọ́kọ́ dá a sọ, bí ó bá sì wù ú láti bá obìnrin bíi tirẹ̀ sọ ọ́, ẹ wá obìnrin fún un. Ohun tó bá sọ kò gbọdọ̀ dé etí àwọn tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Fáànù, omi tútù, aṣọ iṣẹ́ òwú, ìpààrọ̀ aṣọ nínú àpótí, ẹni tí yóò dúró fún un kó lè lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ ti mọ ìwọ̀nyí.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí òfin kankan lórí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ìdọ́gba àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Britain sọ ọ́ gbangba pé bí ìnira yìí bá pẹ́ lára obìnrin, tó sì dí i lọ́wọ́ gidigidi nínú ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, ó lè wà lábẹ́ ààbò tí òfin ìdọ́gba, Equality Act ọdún 2010, fún àwọn aláàbọ̀ ara, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú, bí ó bá fọkàn tán yín, pé kó má ṣe gba HRT, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ́ọ̀nù tó ń dín kù lára obìnrin nígbà yìí, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Dókítà obìnrin kan ló wá kọ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra fún mi, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kan wà tí ènìyàn lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún HRT ọdún kan gbáko, ní iye tí wọ́n ń gbà fún oògùn méjì péré. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá sì ti dúró fún oṣù méjìlá, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọ, kí ó má ṣe fi àgbo pa á mọ́ra; kí ó tọ dókítà lọ ní kíá.

Ní ti iṣẹ́ òru tí ẹ béèrè, wọ́n yọ èmi láìbi mí. Àfikún owó òru yẹn ni mo fi ń tọ́ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì já lójijì. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kúrò, tàbí ó fẹ́ kí òru dín kù, tàbí ó fẹ́ kí ọjọ́ ìsinmi wà láàárín wọn. Ìwé sí àwọn dókítà òṣìṣẹ́ lè tẹ̀ lé e bí ó bá fọwọ́ sí i, kí ó sì kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún jọ jókòó, nítorí ara obìnrin tó wà ní irú ìgbà yìí lè yí padà láàárín oṣù kan.