Èsì fún ẹni tó ń béèrè nípa operating system àti database ní másítà

Àbúrò mi, o kú oríire. O ní ìṣirò lo kà ní digírì àkọ́kọ́, o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, wọ́n sì ti gbà ọ́ wọlé fún másítà nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. O wá ń béèrè bóyá kí o mú operating system (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) àti database design (bí a ṣe ń to détà pamọ́) nínú sẹ̀mẹ́sítà kan náà, tàbí kí o fi ọ̀kan dúró. Fíṣíìsì ni èmi kà kí n tó bọ́ síbẹ̀. Mú méjèèjì pọ̀. Wọ́n pín wọn fún mi ni: olùkọ́ operating system rin ìrìn-àjò, wọ́n bá sún iṣẹ́ rẹ̀ sí ọdún kejì, wọ́n ní kò ní pa wá lára. Ó pa mí lára.

Apá database tó wà nínú ìwé kò ní fún ọ ní wàhálà. Èdè tí ìwọ ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Codd fi kọ ìlànà relational, èyí tó ń to détà sínú tábìlì, ní 1970, nígbà tó wà ní IBM: set, relation, tuple. Functional dependency kò yàtọ̀ sí function tí o ti ń bá yí láti ọdún kìíní. Ka 1NF dé BCNF, àwọn ìpele títo tábìlì kí détà má baà máa tún ara rẹ̀ sọ, fi ọwọ́ ara rẹ ṣe bí ogún àpẹẹrẹ, ó tó. SQL náà, èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí wọn kò kọ́ mi ni ibi tí détà wà gan-an lẹ́yìn tí mo bá tẹ COMMIT, àṣẹ tó ní kí database fi àyípadà pamọ́ pátápátá.

Gbọ́ dáadáa. Bí prógíráàmù kan bá kọ nǹkan sínú fáìlì, kernel, ọkàn operating system, á gbà á sínú page cache, inú RAM nìyẹn, ibi tí nǹkan ti ń pòórá bí iná bá lọ, á sì dá a lóhùn pé ó ti wọlé. Dísìkì kò tíì rí i. fsync ni prógíráàmù fi ń sọ fún kernel pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí nǹkan òun á fi dé orí dísìkì. Ìdí nìyẹn tí PostgreSQL, ètò database tí mo lò, fi ń kọ́kọ́ kọ gbogbo àyípadà sínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní WAL, tó ń fi fsync tì í dé orí dísìkì nígbà COMMIT, kó tó wá máa kọ àwọn ojúewé détà fúnra wọn, 8 kB ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá ráyè. Bí iná bá lọ, á padà sí checkpoint tó gbẹ̀yìn, ìyẹn ibi tó ti rí i dájú kẹ́yìn pé ojúewé détà ti dé dísìkì, á ka WAL láti ibẹ̀, á sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Ìdajì àlàyé yìí, kíláàsì database ló ni ín. Ìdajì kejì, kíláàsì operating system. Ìdajì kan péré ni mo ní lọ́wọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi.

Clock-sweep, ọgbọ́n tí PostgreSQL fi ń yan ojúewé tó máa lé jáde nínú buffer, àyè tirẹ̀ nínú RAM, ni mo ń fi wé LRU, ọgbọ́n tó ń lé èyí tí a ti pẹ́ jù láì lò jáde. Alaalẹ́ ni mo ń da détà sínú rẹ̀, laptop mi ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní lab wa tí gbogbo wa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nípa database. Ó tẹ̀ mọ́ laptop mi, ó yí fsync sí off, kí PostgreSQL má dúró de dísìkì mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó ń gba gbogbo òru tẹ́lẹ̀ wá ń parí kí n tó jẹun alẹ́ tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi fún mi. Inú database yẹn kan náà ni mo sì ń kó àbájáde ìdánwò mi sí, fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iná lọ. Bátìrì laptop mi ti kú tipẹ́, wáyà ló gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí iná dé, mo tan PostgreSQL, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "could not locate a valid checkpoint record". Mo tún un tan. Ohun kan náà. Gbogbo ara mi tutù. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo rí pg_resetwal lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irinṣẹ́ tó ń nu WAL nù kí PostgreSQL lè dìde, mo sì lò ó lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní láyé. Ó ṣí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ mọ́, mo ní kó ka iye ìlà tó wà nínú tábìlì àbájáde: ó gba ojú index, atọ́ka tó fi ń tètè rí ìlà, ó mú iye kan wá; ó gba ojú tábìlì fúnra rẹ̀, ó mú iye mìíràn wá. Index ń tọ́ka sí ìlà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Nínú àwọn nọ́ńbà tó ṣẹ́ kù, èwo ni òótọ́? N kò lè mọ̀, n kò sì lè gbé wọn síwájú olùdánwò. Mo sunkún débi pé ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló pe ìyá mi.

Nítorí náà, bí PostgreSQL rẹ bá kọ̀ láti dìde, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Pa á, kó gbogbo fódà détà rẹ̀ lọ síbòmíràn, kí o tó gbìyànjú ohunkóhun. pg_resetwal ni ohun ìkẹyìn pátápátá, bí o bá sì lò ó, fi pg_dump kó ohun tó kù jáde lójú ẹsẹ̀, kí o dá database tuntun. Kọ àbájáde ìdánwò rẹ sínú fáìlì CSV lójoojúmọ́, kí ọ̀kan wà lórí fláàṣì, kí ọ̀kan wà nínú ímeèlì rẹ.

Súpáfáísọ̀ mi gbọ́, ó ní kí n lọ tún un ṣe. Kò gbé ojú kúrò lórí ìwé tó ń kà. Àkókò mi tán, mo ní láti gba fọ́ọ̀mù àfikún àkókò, ọ́fíìsì tó ń rí sí i sì sọ ọ́ nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni obìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé ta ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyanṣẹ́lódì wá ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba pa láti 14 Febúárì di 14 Oṣù Kẹwàá, 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko. A wọlé, wọ́n ní kí n san owó sáà mìíràn. Ya ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sórí tìrẹ. Má gba "fi síbẹ̀" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wá jókòó sí kíláàsì operating system, ìlà kan ṣoṣo ni nóòtì olùkọ́ náà ní lórí fsync. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kọ PostgreSQL gan-an ṣi fsync lò fún nǹkan bí 20 ọdún. Ní 2018 ni wọ́n rí i pé bí fsync bá kùnà lórí Linux, kernel lè ka ojúewé náà sí èyí tó ti dé dísìkì, kí fsync tó tẹ̀ lé e sì dáhùn pé kò séwu. Ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ni wọ́n tún un ṣe: bí fsync bá kùnà, PostgreSQL á kú, á sì padà gba inú WAL dìde. Kíláàsì méjèèjì ni ọ̀ràn yìí jókòó lé lórí. Deadlock náà rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn kí iṣẹ́ méjì máa dúró de ara wọn láìlópin. Ìwọ á kọ́ banker's algorithm, ọgbọ́n tí a fi ń yẹra fún un, kọ́ ọ nítorí ìdánwò. Ṣùgbọ́n ohun tí PostgreSQL ń ṣe ni pé á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, á wá wò bóyá àwọn transaction (àkójọ àyípadà tó ń wọlé pọ̀) ń dúró de ara wọn yíká, bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, á pa ọ̀kan.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé o béèrè ohun tí o lè fi múra sílẹ̀. Kọ́ èdè C, pàápàá pointer, ohun tó ń tọ́ka sí àdírẹ́sì nínú RAM, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó wá láti ìṣirò ti máa ń ṣubú. Lẹ́yìn náà, xv6, operating system kékeré tí MIT fi ń kọ́ni. Inú QEMU, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà rẹ, ló ń ṣiṣẹ́, 128 MB RAM ló sì ń gbà níbẹ̀, kò nílò laptop olówó ńlá. Fún database, ẹ̀kọ́ 15-445 ti yunifásítì Carnegie Mellon (CMU) wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Máa fi détà òru fà á sílẹ̀. BusTub, database kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni, ni iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀, C++ ni wọ́n fi kọ ọ́, buffer pool sì wà lára ohun tí o máa fọwọ́ ara rẹ kọ. Má gbé ojútùú rẹ sí ìta gbangba, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é.

Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xv6 ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ó bá ti dìde, fi system call tìrẹ kan kún un. Bí ó bá kọ̀, kọ àṣìṣe tó gbé jáde síbí bó ṣe rí gan-an, má ya fọ́tò rẹ̀. Alẹ́ ni mo máa ń wọlé, màá dá ọ lóhùn.