Ọmọ mi gbọ́n, àmọ́ ìwé kíkà ń yọ ọ́ lẹ́nu: ṣé kó máa lo AI?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, tíṣà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, wà ní JSS 3 níbí ní Mọ̀pà. Bó bá ń ròyìn nǹkan fún yín, ẹ ò ní fẹ́ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó ka ojú ìwé kan, òógùn á bò ó. Níbi tí a ti lọ ṣàyẹ̀wò fún un ní Ìlọrin, wọ́n ní dísílẹ́síà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó máa lo AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹni tó ní làákàyè. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di ọ̀lẹ.

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, ìyá wa. Dísílẹ́síà kì í ṣe àìgbọ́n. Síso ìró ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́tà ló ń nira fún ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì sábà máa ń rìn nínú ẹbí. (Ta ló ń bá bàbá rẹ̀ ka lẹ́tà nílé? Ẹ má bínú o.)

Ohùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Google Lens wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android. Kó ya fọ́tò ojú ìwé Basic Science rẹ̀, kó yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kó tẹ Listen, fóònù á máa kà á sókè, òun náà á máa fojú bá a lọ. Ìwé títẹ̀ ni kó lò. Nóòtì tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ láti ara bọ́ọ̀dù lè dojú rú mọ́ fóònù lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ kọ ìdáhùn, kó tẹ àmì máíkì orí kíbọ́ọ̀dù, kó sọ ọ́ lẹ́nu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kó fi sọ ọ́, torí fóònù ò gbọ́ ẹ̀ka èdè Yàgbà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ChatGPT kàn, ìyẹn AI tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè tó sì ń dáhùn. Ọmọ ọdún 13 sókè ló wà fún, ẹni tí kò sì tíì pé 18 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí. Kó sọ fún un pé: “Fi gbólóhùn kúkúrú ṣàlàyé bí ewé ṣe ń fi oòrùn pèsè oúnjẹ. Wá máa bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Má sọ ìdáhùn kí n tó gbìyànjú.” Bó bá ní kó bá òun kọ àròkọ, ọ̀lẹ tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù ti dé nìyẹn. Bí fóònù bá kàwé, tí òun fúnra rẹ̀ ronú, kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó máa fi ìwé rẹ̀ yẹ ohun tí ChatGPT bá sọ wò, torí AI a máa parọ́ láìṣẹ́jú.

AI kò lè rọ́pò tíṣà tí yóò máa fi sùúrù kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà lójoojúmọ́ o. Ẹ má sì gbé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sórí AI kankan. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kí BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS 3, tó wọlé, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè fún un ní àfikún àkókò.