Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kan fún Gbogbo Ilé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà ní pálọ̀ wa. Òun ni a so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ pẹ̀lú wáyà USB, inú rẹ̀ náà sì ni gbogbo ìwé ìdánwò tí mo ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́ wà. Tẹ́lẹ̀, láti inú yàrá ni ìyàwó mi ti máa ń ṣí àwọn fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, tí yóò sì tẹ̀ wọ́n jáde láìdìde. Láti ìgbà tí a ti ra tuntun tó ń lo Windows 11 fún un, kò rí ti pálọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó rí i, ó ń béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí a kò mọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí a pa Firewall, kí a sì tan HomeGroup. A wá HomeGroup títí, a kò rí i. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Bàbá, inú mi dùn pé ẹ kọ̀wé kí ẹ tó pa Firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, nítorí ohun tí èèyàn bá pa nítorí ìwé kan ṣoṣo kì í sábà rántí tàn án padà. Ní ti HomeGroup, ètò tí kọ̀ǹpútà inú ilé kan fi ń pín fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàárín ara wọn, kò sí mọ́. Windows 7 ló gbé e dé ní ọdún 2009, Microsoft sì yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 ní ọdún 2018, nítorí náà kò lè sí nínú kọ̀ǹpútà tuntun ìyàwó yín. Ṣùgbọ́n ètò pínpín fáìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lọ síbì kankan, òun gan-an ni a ó sì lò.

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀nà ti já. Ẹ wò ó bí ẹni tó fẹ́ kí ẹnì kan nílé rẹ̀: ó ní láti dé àdúgbò náà, kó dá ilé mọ̀, kí onílé mọ̀ ọ́n kó tó ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sì gbà á láàyè láti dé yàrá tó ń lọ. Ibi tí ó bá ti dúró ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tó kù.

Ti àdúgbò ló yá jù láti mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, ẹ ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú "IPv4 Address". Bí ti pálọ̀ bá jẹ́ 192.168.1.5, tí ti yàrá jẹ́ 192.168.1.8, wọ́n wà pa pọ̀. Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, tí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.8, orí Wi-Fi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Mo máa ń bá èyí pàdé nínú ilé tí ráútà wà tí MiFi tún wà, tí kọ̀ǹpútà tuntun sì rọ̀ mọ́ MiFi nítorí pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà kò rí àdírẹ́ẹ̀sì gbà lọ́wọ́ ráútà, ara rẹ̀ ló fún ní ọ̀kan. Ẹ pa Wi-Fi rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Wi-Fi àlejò, èyí tí ráútà ń pè ní "Guest", ni ọ̀kan nínú wọn ń lò, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni irú Wi-Fi bẹ́ẹ̀ máa ń fúnni, kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ rí ẹ̀rọ inú ilé.

Bí wọ́n bá wà pa pọ̀ tí wọn kò rí ara wọn, ohun tí mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí. Windows 11 máa ń ka Wi-Fi tuntun sí ti ìta gbangba, bíi ti pápákọ̀ òfuurufú tàbí ti ilé oúnjẹ, á sì fi kọ̀ǹpútà pamọ́ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé yàrá yín lòún wà. Ẹ lọ sí Settings, "Network & internet", kí ẹ tẹ Wi-Fi ilé yín, kí ẹ sì yan "Private network". Ilé nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí o. Lẹ́yìn náà, nínú "Advanced sharing settings", ẹ tan "Network discovery" àti "File and printer sharing" lábẹ́ Private, kí ẹ sì ṣe bákan náà lórí ti pálọ̀. Bí ẹ bá ti tan wọ́n báyìí, Windows fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí ojú ọ̀nà tí fáìlì ń gbà nínú Firewall, tí yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ ní títì. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ pa á.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ ṣí File Explorer nínú yàrá, kí ẹ tẹ \\192.168.1.5 sí òkè níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti pálọ̀ yín gan-an ni kí ẹ lò. Bí ó bá ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò ṣí pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà, ọ̀nà dára, orúkọ ni kò délé. Ẹ tẹ services.msc sí ibi ìwákiri Windows lórí ti pálọ̀, kí ẹ wá "Function Discovery Resource Publication", kí ẹ sì fi sí Automatic, nítorí òun ni ó ń kéde pé kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀.

Ó wá ku páásíwọ́ọ̀dù, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan lọ́jọ́ kan tí àpótí "Enter network credentials" yọ sí i. Ó tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tó fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láràárọ̀, ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún kọ̀. Nígbà kẹta, ó ń ka nọ́ńbà náà sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kò ṣi nọ́ńbà náà tẹ̀ rárá. PIN kò lè jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é, kò sì sí ìgbà tí yóò ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà mìíràn. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe orúkọ ẹni tó wà nínú yàrá ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ ẹni tí kọ̀ǹpútà pálọ̀ mọ̀ ni. Bí ẹ kò bá sì fi páásíwọ́ọ̀dù kankan sórí ti pálọ̀, Windows kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù wọlé láti ọ̀nà jíjìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbà á fún ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe nílé tèmi ni pé mo dá orúkọ kan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ní fáìlì. Ẹ lè pè é ní "ile". Kí ó jẹ́ "local account", kí ó má ní agbára alákòóso, kí ẹ sì fún un ní páásíwọ́ọ̀dù tó gùn. Bí àpótí náà bá yọ nínú yàrá, ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà pálọ̀, àmì \ àti ile, bíi PALO\ile, kí ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ẹ sì máàkì "Remember my credentials". Àwọn kan yóò ní kí ẹ pa "Password protected sharing" kí ẹnikẹ́ni lè wọlé. Ẹ má gbà. Yàtọ̀ sí pé àlejò tó bá ti gba Wi-Fi yín yóò lè ka ìwé ìdánwò, Windows 11 Pro ti ẹ̀dà 24H2 tó jáde ní ọdún 2024 kì í gbà láti wọ kọ̀ǹpútà mìíràn bí àlejò mọ́.

Fódà tí àwọn ìwé ìdánwò yín wà nínú rẹ̀ sì ní ilẹ̀kùn méjì: ti àgbàlá, tó wà lábẹ́ "Sharing", àti ti yàrá, tó wà lábẹ́ "Security". Bí "Sharing" bá gba "ile" láàyè láti kọ nǹkan sínú fáìlì, tí "Security" sì ní kí ó kàn máa kà á, kíkà ni yóò ṣeé ṣe. Èyí tó le jù nínú méjèèjì ló ń borí, nítorí náà ẹ wo ibi méjèèjì kí ẹ tó sọ pé Windows ń ṣe ségesège.

Bí fáìlì bá ti ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní pálọ̀, ẹ wá "Printer properties" rẹ̀, ẹ tẹ "Sharing", ẹ máàkì "Share this printer", kí ẹ sì fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àlàfo. Kí ẹ tó so ti yàrá mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ fi sọ́fúwíà tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, èyí tí wọ́n ń pè ní driver, sórí kọ̀ǹpútà yàrá láti ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n rí àléébù ńlá kan nínú ètò ìtẹ̀wé Windows, alákòóso nìkan ló lè gba driver láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà àṣìṣe 0x0000011b, àtúnṣe ààbò ti oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà ló gbé e wá, ó sì sábà máa ń yọ bí kọ̀ǹpútà kan bá ti gba àtúnṣe tí èkejì kò gbà. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì gba Windows Update. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ yan "Add a local printer" nínú yàrá, ẹ dá "Local Port" tuntun sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀nà rẹ̀ bíi \\PALO\itewe sí i, kí ẹ sì lo driver tí ẹ ti fi síbẹ̀. Ẹ sì rántí pé kọ̀ǹpútà pálọ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn. Bí ó bá wọ Sleep, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá a sùn nìyẹn.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Bí gbogbo èyí bá pẹ́, ẹnì kan lè ní kí ẹ tan SMB1 padà. Èdè àtijọ́ ni, tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fáìlì. Ọ̀nà tí kòkòrò WannaCry gbà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017 nìyẹn, nígbà tí ó ti fáìlì pa mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ káàkiri ayé, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft dẹ́kun fífi sínú Windows 10 tuntun. Bàbá, iṣẹ́ ayé yín ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án.

Ìbéèrè: Abẹ́òkúta ni mo wà, nílé ni mo sì ti ń ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó. Wi-Fi ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ń lò, kò ní wáyà. Bí iná bá ti lọ tí ó sì padà dé, kọ̀ǹpútà á kọ "Offline" sí i lára, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ń tàn níwájú mi. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí mo tún un fi sí i, á ṣiṣẹ́ títí iná yóò fi tún lọ. Wọ́n ní kí n ra òmíràn.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á, ìyá. Ẹ̀rọ yín yè, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ló ń yí. Bí iná bá lọ, ráútà náà á kú. Bí ó bá jí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ohun tó wà nínú ilé, fóònù àwọn ọmọ lè kọ́kọ́ gba tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó jẹ́ 192.168.1.23 lánàá á sì di 192.168.1.31. Kọ̀ǹpútà ń kanlẹ̀kùn 23, kò sí ẹni tó dáhùn, ó wá kọ "Offline".

Láti ojú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà, ẹ tẹ ojú ewé "Network Configuration" rẹ̀ jáde. Ẹ ó rí àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀ níbẹ̀, àti MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wọ inú ètò ráútà, ẹ wá "Address Reservation" tàbí "DHCP Reservation", kí ẹ sì so MAC náà mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan tí kò ní fi sílẹ̀ mọ́. Ẹ padà sórí kọ̀ǹpútà, sí "Printer properties", "Ports", "Add Port", "Standard TCP/IP Port", kí ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn. Bí ó bá ṣì ń kọ "Offline" tí ìwé sì ń jáde, ẹ tẹ "Configure Port", kí ẹ yọ máàkì tó wà níwájú "SNMP Status Enabled".

Bí iná bá dé, ẹ jẹ́ kí ráútà lo bíi ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ẹ bá ra ráútà tuntun lọ́jọ́ iwájú tí ẹ̀rọ náà kò sì rí Wi-Fi rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz wà ní títàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kò mọ 5 GHz.

Ìbéèrè: Láti Òṣogbo. Mo fi ìwé kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láná, kò jáde. Mo ní kí ó parẹ́, ó kọ "Deleting", kò sì parẹ́ títí di òní. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó lè tẹ ohunkóhun.

Ìdáhùn: Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́, ẹ tẹ services.msc, ẹ wá "Print Spooler", ètò tó ń to ìwé sórí ìlà fún ìtẹ̀wé, kí ẹ tẹ "Stop". Ẹ ṣí fódà C:\Windows\System32\spool\PRINTERS, kí ẹ pa gbogbo fáìlì inú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹ padà sí "Print Spooler", ẹ tẹ "Start", kí ẹ wá ní kí àwọn ará ilé tún ìwé wọn fi ránṣẹ́, nítorí gbogbo èyí tó wà lórí ìlà ti lọ pẹ̀lú rẹ̀.